Ọkọ mi ní òun ò lè jókòó lásán lórí òkun fún ọjọ́ méje. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọláṣeéní (Ìlọ́rọ̀, Iléṣà)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi dé ìsàlẹ̀, nítorí inú ń bí mi, n ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, oko kòkó ọkọ mi ni. Bí wọ́n bá gba ọlidé, mo wà ní ọjà Atákúnmọ́sà, mò ń tajà. A tọ́ àwọn ọmọ wa yanjú. Èmi àti ọkọ mi ò jọ lọ síbì kankan rí tí kì í bá ṣe òkú, ìgbéyàwó tàbí ìkómọjáde. Ọmọ wa àgbà tó wà ní Houston wá ní iṣẹ́ ti tó. Ó sanwó ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan fún àwa méjèèjì, alẹ́ méje lórí òkun Caribbean. Miami ni a ó ti wọ̀ ọ́, Miami náà ni yóò já wa sí. Yàrá wa ní fàràǹdá tiwa tó kọjú sí òkun. Nígbà tó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, mo sunkún.

Bàbá Ọláṣeéní wò ó títí, ó ní, "Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́?" Ọmọ ní wọ́n ń sinmi ni. Ó ní kí wọ́n lọ gba owó yẹn padà, kí wọ́n fi gbẹ́ kànga sí oko wa tó wà lọ́nà Ìbòdì. Ó ní ara òun le, òun ò lè jókòó lásán fún ọjọ́ méje bí aláìsàn tí wọ́n ń tọ́jú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Òkè-Ẹ̀ṣọ́ wá ń sọ kiri pé èmi ni mo ki ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bọ ọmọ lẹ́nu, pé mo fẹ́ fi owó ọmọ jayé. Obìnrin tí mo bá tọ́ ọmọ! Nígbà tí ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, ta ló ń pààrọ̀ aṣọ wọn? Èmi ni. Kò sẹ́ni tó rántí.

Aṣọ òkè ti délé, télọ̀ ti gbowó. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìrìn àjò. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ kí n máa dá lọ ni, àbí kí n tún máa bẹ̀ ẹ́?

Bàbá Ìjọ (Ìmọ̀)

Màmá, ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í ṣe ohun tí à ń kó wá síta báyìí. Ẹ wọ yàrá, ẹ kúnlẹ̀ fún ọkọ yín. Àgbà tí yóò lọ òkè òkun kò gbọ́dọ̀ lọ pẹ̀lú ìbínú.

Adùn ní Maryland

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àfojúsọ́nà. Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni mí, mo ti bá ọkọ mi lọ irú ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dúró ní èbúté dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá wà lórí omi nìkan ló dùn jù. Ẹ ó jí, ẹ ò ní dáná, ẹ ò ní gbálẹ̀. Ẹ ó jókòó sí fàràǹdá yín, omi á máa ṣàn lọ lábẹ́ yín, ẹ ó máa mu tíì. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n pàtẹ oúnjẹ sí, ẹ bu èyí tó wù yín. Ìrẹsì wà, ẹja wà, ẹran wà, èso pọ̀ rẹpẹtẹ. Lálẹ́, ẹ ó lọ jókòó sí gbọ̀ngàn oúnjẹ ńlá tí wọ́n ti ń gbé e wá bá èèyàn. Owó oúnjẹ wọ̀nyí wà nínú owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọtí, íntánẹ́ẹ̀tì àti owó tí wọ́n ń gbà fún àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́ sábà máa ń dá dúró. Kí ọmọ yín wò ó dáadáa.

Ẹ rí ọkọ mi, òun náà ò lè jókòó. Ní ọjọ́ kìíní ó ń rìn sókè sódò bí ọlọ́dẹ. Ní ọjọ́ kejì ó rí ibi tí àwọn àgbà ọkùnrin ti ń ta dómínò. Títí a fi sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń lọ pè é wá jẹun. Ibi ìrìn wà yí ọkọ̀ po, orin wà, ilé ìkàwé wà nínú òmíràn.

Ẹ má kó oògùn yín sínú àpótí ńlá o. Wọ́n máa ń gba àpótí lọ́wọ́ èèyàn ní èbúté, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé yàrá. Báàgì ọwọ́ ni kí ẹ kó o sí. Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù lọ, wọn á gbà á nítorí iná. Oúnjẹ tí ẹ sè nílé náà kò ní kọjá.

Irú físà wo ni ẹ ní?

Nọ́ọ̀sì Adékẹ́

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń kọ́? Ẹni méjèèjì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ ò sọ ohun kan nípa ara yín. Ilé ìwòsàn wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ga, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ra ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò. Ní ti èébì orí omi, àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, ni kì í mì púpọ̀. Ẹ ra ata ilẹ̀ dání. Kí ẹ sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa kí ẹ tó jẹun, nítorí àìsàn inú rírun àti èébì máa ń tètè ràn nínú ọkọ̀, sanitáísà nìkan ò tó o.

Dépò Ìjámọ̀

Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí i. Owó ọkọ̀ ẹni méjì yẹn àti owó bàálù, ó tó kí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ òwò nílùú yìí. Kànga tí bàbá ń sọ yẹn, gbogbo àdúgbò ni yóò mu nínú ẹ̀.

Adùn ní Maryland

Arákùnrin Dépò, owó ọmọ wọn ni. Ọmọ tó ní òun fẹ́ kí ìyá òun sinmi, ṣé ó ṣẹ̀ ni? Ìyá tó ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ọjọ́ ayé ẹ̀!

Dépò Ìjámọ̀

N ò ní ó ṣẹ̀. Èrò mi ni mo sọ.

Ọmọ Ọwá

Ẹ sọ fún bàbá pé Ìjẹ̀ṣà kì í sá fún òkun. Ṣebí Ajíbógun baba ńlá wa ló fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun, tó lọ bu omi wá fún Odùduwà nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́. Òun kò ní fàràǹdá, kò sẹ́ni tó se oúnjẹ fún un lọ́nà. Ẹ lọ, ẹ gbafẹ́ yín.

Ìyá Ọláṣeéní

Ọmọ Ọwá, o ṣeun o, mo ka èyí sétí bàbá. Ó ní Ajíbógun níṣẹ́ tó lọ jẹ́.

Àbúrò mi Adùn, o ṣeun púpọ̀. Nípa oúnjẹ, bàbá ń bẹ̀rù pé òun ò ní rí iyán jẹ. Mo ní kó fi iyán sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ní kú. Nọ́ọ̀sì, mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lò ó déédéé. Bàbá Ìjọ, mo ti kúnlẹ̀. Orúnkún mi ló ń dùn mí báyìí. Aṣọ òkè yẹn ń kọ́, ṣé wọn á jẹ́ ká wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀?

Adùn ní Maryland

Wọn á jẹ́ kí ẹ wọ̀ ọ́ dáadáa! Alẹ́ kan tàbí méjì máa ń wà tí gbogbo èèyàn ń múra. Ẹ wọ̀ ọ́, kí bàbá dé fìlà. Fótò ni wọn ó máa bẹ̀ yín fún. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn nípa físà o.

Àgbẹ̀ Ìpetu

Oṣù wo gan-an ni?

Ìyá Ọláṣeéní

Oṣù Kọkànlá, ọ̀sẹ̀ kejì.

Àgbẹ̀ Ìpetu

Háà! Ìgbà tí kòkó ń jáde jù lọ! Màmá, ẹ ò sọ èyí níbẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò dúró ti àwọn tó ń já a? Ta ni yóò wo bí wọ́n ṣe ń sá a? Bí ojú olóko kò bá sí níbẹ̀, ìdajì á sọnù. Mo ti ń dá bàbá lẹ́bi nínú ọkàn mi tẹ́lẹ̀. Ẹ sún un sí oṣù Kejì.

Nọ́ọ̀sì Adékẹ́

Ẹ̀fúùfù líle orí òkun ibẹ̀ náà, láti oṣù Kẹfà títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ka àsìkò ẹ̀ sí. Oṣù Kejì dára jù lóòótọ́.

Ìyá Ọláṣeéní

Kò ṣeé sún. Àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ ọkùnrin ti gbà láti dúró ti oko, èèyàn gidi ni. Ọkọ mi ló ní òun ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń gbè sẹ́yìn ẹ̀ báyìí? Bí mo ṣe máa ń rí i nìyẹn.

Lọ́yà Ìrẹmọ (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú àárọ̀, mà. Kí ló dé tí kò fi ṣeé sún? Àbúrò wa tó wà ní Maryland ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì: irú físà wo ni? Ìgbà wo ni wọ́n fún yín? Kí ni wọ́n kọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ iye ìgbà tí ẹ lè wọlé? Lẹ́tà M, tó túmọ̀ sí ìgbà púpọ̀, ni, àbí nọ́ńbà? Àwọn ibo ni ọkọ̀ yóò sì ti dúró?

Ìyá Ọláṣeéní

Lọ́yà, físà ni físà, ẹni tó bá wa kọ fọ́ọ̀mù sọ bẹ́ẹ̀. Ti bàbá ti wà tẹ́lẹ̀, ọdún 2024 ló gbà á nígbà tó lọ síbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ wa, ọlọ́dún márùn-ún ni, M ló wà níbẹ̀. Èmi ò lè lọ nígbà yẹn nítorí àìsàn ìyá ọkọ mi. Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá yìí, 2025, ni mo gba tèmi, ti oṣù mẹ́ta ni. Ìdí tí kò fi ṣeé sún nìyẹn. Nọ́ńbà 1 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nassau, San Juan àti St. Thomas ni ọkọ̀ yóò ti dúró. Ọmọ wa ní abẹ́ Amẹ́ríkà ni San Juan àti St. Thomas wà.

Adùn ní Maryland

Yéè. Mo bẹ̀rù èyí.

Lọ́yà Ìrẹmọ (Ilé-Ifẹ̀)

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí mi, ọ̀rọ̀ bàbá àti oko kọ́ ló kàn mọ́ báyìí.

Láti oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà yí òfin padà fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Físà àbẹ̀wò tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ jù lọ wa ní ọdún 2025 yìí, oṣù mẹ́ta ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn lè fi wọlé. Bí ẹ bá balẹ̀ sí Houston, ẹ ti lo ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìyẹn. Òótọ́ ni pé San Juan àti St. Thomas wà lábẹ́ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n Bahamas ni Nassau wà, orílẹ̀-èdè mìíràn ni. Ní kété tí ọkọ̀ bá kan ibẹ̀, ẹ ti jáde. Bí ẹ bá padà sí Miami, físà mìíràn ni wọn ó béèrè. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń yẹ ìwé wò kí èèyàn tó wọlé, wọ́n á dá yín dúró ní èbúté.

Kí ẹ má sì rò pé ọkọ̀ lè fo Nassau nítorí yín. Gbogbo èrò ni wọ́n ti la ọ̀nà náà sílẹ̀ fún.

Bàbá tí kò fẹ́ lọ lè lọ kí ó sì padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rán aṣọ ni ẹ ò lè lọ.

Dépò Ìjámọ̀

Àfẹ̀sọ́nà àbúrò mi wọkọ̀ lọ Mẹ́síkò, ó padà, físà rẹ̀ sì ti kú nígbà náà. Ẹ má dẹ́rù ba màmá.

Lọ́yà Ìrẹmọ (Ilé-Ifẹ̀)

Mẹ́síkò ni o sọ, Dépò, kì í ṣe Bahamas. Òfin gbà kí ẹni tó ti wà ní Amẹ́ríkà lọ sí Kánádà tàbí Mẹ́síkò nìkan, kó má pẹ́ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, kó sì padà bí àkókò tí wọ́n fún un láti gbé kò bá tíì tán. Àwọn erékùṣù Caribbean wà nínú àǹfààní yẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àlejò kò sí nínú ti àwọn erékùṣù yẹn.

Ìyá Ọláṣeéní

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. N ò lè sùn lánàá. Ẹ má sọ fún mi pé ó yẹ kí n ti mọ̀, ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wa ló yẹ kó mọ̀. Ọmọ ní àwọn ọkọ̀ ò ní dá gbogbo owó padà mọ́, pé ọjọ́ ti súnmọ́. Inú àbúrò ọkọ mi obìnrin yẹn á dùn báyìí.

Mo sọ fún bàbá. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ka ọ̀rọ̀ lọ́yà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò lọ láìsí èmi. Ó pe ọmọ lóru, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́.

Adùn ní Maryland

Ẹ má sunkún, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ọmọ pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lónìí, má jẹ́ kó di ọ̀la. Ó lè bá wọn ṣe é kí wọ́n gbé owó náà sórí ìrìn àjò mìíràn. Houston ló ń gbé, èbúté Galveston súnmọ́ ọn, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ Mẹ́síkò nìkan wà níbẹ̀. Ọkọ̀ kan náà wà tí wọ́n ń pè ní Pride of America, àsíá Amẹ́ríkà ló ń ta. Àárín àwọn erékùṣù Hawaii ló ń yí ká, kì í jáde kúrò ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ó jìnnà, ó sì wọ́n.

Lọ́yà Ìrẹmọ (Ilé-Ifẹ̀)

Ti Galveston yẹn, kí wọ́n tó sanwó, kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn á gba màmá pẹ̀lú físà yẹn. Kí wọ́n béèrè ohun tí Mẹ́síkò fẹ́ pẹ̀lú. Kí wọ́n rí i pé erékùṣù Jàmáíkà tàbí Grand Cayman kò sí nínú ìrìn àjò náà, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Galveston ń kan ibẹ̀.

Ìyá Ọláṣeéní

Ọmọ ń pè wọ́n lọ́wọ́lọ́wọ́. Bàbá jókòó tì mí, ó ní kí n béèrè: èyí tó ń lọ Mẹ́síkò nìkan yẹn, alẹ́ mélòó ni?

Adùn ní Maryland

Èyí tó ń dúró ní èbúté Cozumel nìkan ní Mẹ́síkò, alẹ́ mẹ́rin. Bí wọ́n bá fi Progreso, èbúté Mẹ́síkò mìíràn, kún un, márùn-ún.

Ìyá Ọláṣeéní

Ó ní márùn-ún dára.