Ta ló ti fi Arduino ṣe ògbufọ̀ fún ẹ̀rọ CNC rí? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Káfíńtà Kugbo: Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Mo ra CNC tòkunbọ̀ kan, ẹ̀rọ ìgbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, kí n lè máa fi gbẹ́ ojú ilẹ̀kùn àti orí bẹ́ẹ̀dì níbí ní Kugbo, àṣé dráífà inú ẹ̀, ìyẹn pátákó tó ń yí mọ́tò, ò gbọ́ step (àmì tó ní kí mọ́tò gbé ìṣísẹ̀ kan) àti direction (àmì tó ń sọ ibi tí yóò yí sí). Wáyà méjì ló mọ̀, ọ̀kan kí mọ́tò yí sọ́tùn-ún, ìkejì kó yí sósì. Kọ̀ǹpútà mi ń sọ Yorùbá, dráífà ń sọ Haúsá. Mo bá fi Arduino Uno, kọ̀ǹpútà kékeré orí pátákó, sáàárín wọn kó máa túmọ̀. Tí mo bá rọra rìn, kò síṣòro. Bí mo ṣe sún un sí 3000mm ní ìṣẹ́jú kan báyìí, òdòdó tó yẹ kó rí róbótó dà bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, odindi pákó mahogany ló bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń tú wáyà tí mò ń so ó padà. Serial.println, àṣẹ tó ń ní kí Arduino fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, ni mo gbàgbé sínú loop, apá kóòdù tó ń tún ara ẹ̀ ṣe láìdúró.

Baba Ìbejì Kaduna: Println kẹ̀! 😂😂

Sólà Zaria: Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ẹ wò ó, tí mọ́tò bá ń gba 1600 pulse (àmì step kan ni pulse kan) kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan, tí ìyípo kan sì jẹ́ 5mm, 3000mm ní ìṣẹ́jú kan ti di 16,000 pulse ní sẹ́kọ́ńdù kan nìyẹn. Ní 9600 baud, ìyára tí Arduino fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́, lẹ́tà kan ṣoṣo ń gbà tó 1ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdù). Tí buffer, ibi tí ọ̀rọ̀ ń tò sí, bá ti kún, Arduino á dúró dè é, kó tó sọ "A" tán pulse mẹ́rìndínlógún ti kọjá lórí ẹ̀. Ẹ yọ digitalWrite náà kúrò, àṣẹ tó ń fi iná sí ẹsẹ̀ Arduino àmọ́ tó ń falẹ̀, ẹ kọ ọ́ tààrà sí PORTD tó yára jù ú lọ, kí ẹ sì fi interrupt gba step, kí Arduino lè fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀ dá a lóhùn.

Ọ̀gá Rédíò: Gbogbo wàhálà yìí nítorí kí ni? 74HC08 kan (ṣípù AND, iná ò ní jáde nínú ẹ̀ àfi tí iná méjèèjì bá wọlé), 74HC04 kan (ṣípù tó ń yí àmì sí òdìkejì), ó parí. Step àti dir (direction) wọ AND kan, step àti òdìkejì dir wọ AND kejì. Kò sí kóòdù, kò sí println. Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí, Arduino lẹ máa fi fẹ́ iná àdògán.

Káfíńtà Kugbo: Ọ̀gá, ẹ ṣé, àmọ́ níbo ni mo ti fẹ́ rí 74HC08 ní Abuja? Mo wọ GSM Village, wọ́n ní ṣé charger ni.

Ọ̀gá Rédíò: Ẹ wá a lọ́wọ́ àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, kì í ṣe àwọn tó ń ta fóònù!

Sólà Zaria: Ọ̀gá, òótọ́ lẹ sọ o, àmọ́ tí pulse bá kéré jù fún dráífà àtijọ́ ńkọ́? 10 microsecond ni GRBL, ètò tó ń darí CNC, ń fi ránṣẹ́ tí ẹ ò bá yí i padà. Arduino lè fà á gùn. AND yín ò lè fà á.

Ọ̀gá Rédíò: Mo ní 555 nílé, ṣípù tó lè fà á gùn.

Baba Ìbejì Kaduna: Wọ́n ti dé o 😂

Jos Boy: ESP32, pátákó bí Arduino, ni tèmi. 3.3V ló ń jáde, dráífà fẹ́ 5V. Ó máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó di adití lẹ́ẹ̀kejì. 74HCT245, ṣípù tó ń gbé 3.3V di 5V, ló yọ mí, HCT o, kì í ṣe HC.

Ìyá Ìbejì Lugbe: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè gbẹ́ orúkọ ìyàwó àti ọkọ sára síbí? Oṣù tó ń bọ̀ ni ìnáwó.

Tunde Panteka: Tèmi ò sí lórí mọ́tò tó ń rìn, spindle ni, èyí tó ń yí ọ̀bẹ ìgbẹ́gi. VFD, ẹ̀rọ tó ń darí ìyára spindle, ń retí 0 sí 10V, èmi so PWM Arduino (iná tó ń tàn tó ń kú kíákíá) mọ́ ọn tààrà, ló bá ń mí bí ẹni tíkọ́ fé ń ṣe. Mo fi resistor àti capacitor sẹ́ ẹ, ó dúró jẹ́ẹ́, àmọ́ kò kọjá 12,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan nínú 24,000 torí 5V ò lè di 10V láéláé. Ìgbà tí mo fi op-amp, ṣípù tó ń gbé fólítì sókè, sí i ló tó gbéra. Ibi tó wá dun èèyàn ni pé gbàrà tí spindle bá bẹ̀rẹ̀, limit switch, bọ́tìnnì tó ń dá ẹ̀rọ dúró níbi tí ìrìn ẹ̀ parí, á pariwo pé òun ti kan ògiri, ẹ̀rọ á dúró láàárín iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò kan nǹkan kan. Wáyà switch ló ń bá wáyà VFD rìn nínú páìpù kan náà, ariwo iná VFD wá ń wọ inú ẹ̀!

Baba Ìbejì Kaduna: Ọwọ́ lẹ fi ń gbẹ́gi ní Panteka níjọ́ kìíní, ó dáa jù báyìí lọ.

Tunde Panteka: Bàbá, ilẹ̀kùn kan, ọ̀sẹ̀ kan? Ta ló fẹ́ sanwó ẹ̀ fún yín?

Baba Ìbejì Kaduna: Ó ṣáà rí róbótó.

Ìyá Ìbejì Lugbe: Síbí mi ńkọ́ o?

Káfíńtà Kugbo: Màámi, onígi ni àbí onírin?

Ìyá Ìbejì Lugbe: Onígi. Igba.

Káfíńtà Kugbo: Ẹ máa bọ̀ ní Kugbo. Mi ò ní sáré.