Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ ṣèwádìí ìlànà ìlera tí èmi fúnra mi wà lára àwọn tí ń mú un ṣẹ

Nọ́ọ̀sì, Iléṣà:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní agbègbè Iléṣà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ń lọ sí Ifẹ̀ fún ẹ̀kọ́ másítà, níbi tí àkókò ti tó báyìí kí n kọ ìwé àṣekágbá. Ohun tí mo fẹ́ ṣèwádìí rẹ̀ ni bí ìjọba ṣe ń gbé ìlànà ètò ìlera kalẹ̀, àti ohun tí ìlànà náà máa ń dà nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ àwa tí a wà nídìí tábìlì tí aláìsàn ti ń gba káàdì.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí sí mi lọ́kàn kò jìnnà. Òfin Ìlera tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014 pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa ya owó tí kò dín ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀, kí ìdajì owó yẹn sì gba ọwọ́ àjọ adójútòfò ìlera kọjá, kí àwọn ará ìlú lè rí ìtọ́jú ìpìlẹ̀ gbà; ìlànà ìnáwó rẹ̀ sì ní kí àwọn tí kò rí owó san gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún tó kọjá, aláboyún kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wa wá, oògùn ẹ̀jẹ̀ sì ti tán nílẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kó lọ rà á níta. Ó wò mí títí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ọ̀fẹ́ tí ẹ ní ká wá forúkọ sílẹ̀ fún náà nìyí?" N kò rí èsì fọ̀ fún un.

Olùdarí ìwádìí mi ní Ifẹ̀ ti dá àbá mi padà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ìwé mẹ́wàá ló wà nínú ohun tí mo pè ní ìwé kan. Ẹlẹ́gbẹ́ mi kan ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ó sì bójú mu kí n ṣèwádìí ibi tí mo ti ń gba owó oṣù?

Olùkọ́, Ilé-Ifẹ̀:

Àbúrò mi, ẹ kú làálàá. Olùdarí yín kò ṣẹ̀ yín o. Lọ́dún 1994, Gill Walt àti Lucy Gilson, àwọn olùwádìí ìlànà ìlera, kọ̀wé pé ohun tó wà nínú ìlànà nìkan ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ń yẹ̀ wò, tí wọ́n ń gbàgbé àwọn ènìyàn tí ọ̀rọ̀ kàn, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, àti ipò tí ìlú wà nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń ya àwòrán onígun mẹ́ta tí àwọn méjèèjì fi kó nǹkan mẹ́rin yìí pọ̀ sínú orí kejì, tí wọn kì í sì í padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo òfin tí ẹ dárúkọ yẹn fúnra rẹ̀. Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ú lóṣù kẹwàá ọdún 2014, ṣùgbọ́n inú ìṣúná ọdún 2018 ni owó tí òfin náà pa láṣẹ ti kọ́kọ́ fara hàn. Kò sí ẹni tó yí lẹ́tà kan padà nínú òfin náà láàárín ọdún mẹ́rin wọ̀nyẹn, nítorí náà ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan kò ní mọ ohun tó dá owó dúró, kò sì ní mọ ohun tó tú u sílẹ̀. Ní tiyín, gbólóhùn kan ṣoṣo ni kí ẹ mú nínú ìlànà ìnáwó náà, èyí tó ní kí tálákà gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló pinnu ẹni tí í ṣe tálákà ní wọ́ọ̀dù yín? Ta ló kọ orúkọ wọn? Nígbà tí oògùn tán, ta ló kọ́kọ́ mọ̀, ta ló sì yẹ kó gbọ́? Ìwé kan nìyẹn, ó sì tó o gbé.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, Ìmẹ̀sí-Ilé:

Ọmọ mi, èmi kò ka ìwé bíi ti olùkọ́ wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 di 1992, tí wọ́n ń gbé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé dé abúlé. Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé láti òkè nìkan ni ìlànà ti ń ṣàn wálẹ̀. Ní ìlú wa níhìn-ín, lẹ́yìn ọdún 1956, Dókítà David Morley tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà dá ibi ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀, wọ́n sì ń fa ìlà ìwọ̀n ọmọ sórí káàdì lóṣooṣù. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, kì í ṣe ọwọ́ ilé ìwòsàn. Ìyá mi fi ti àbúrò mi sínú ọ̀rá, ó so ó kọ́ ara àjà kí eku má baà jẹ ẹ́. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, títí tí UNICEF fi gbé wíwọn ọmọ wọ inú ètò tirẹ̀ káàkiri ayé lẹ́yìn 1980. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ìlànà ti já, ẹ wá ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ pẹ̀lú.

Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, Iléṣà:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ayé ti yí díẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ló gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé síṣẹ́, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó wọn wà ní Òṣogbo, owó tí a ń sọ yìí sì ń ti Àbújá bọ̀. Lọ́dún 2011 ni ìgbìmọ̀ àwọn aláṣẹ ìlera orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i pé kí gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan, ìyẹn lábẹ́ àjọ kan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti ń kó o jọ ni kí ẹ wò dáadáa.

Ẹ tètè kọ̀wé béèrè àṣẹ, nítorí ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí a ń ṣèwádìí lé lórí kì í kánjú. Ìjẹ̀ṣà ni wá; ẹ lọ jókòó síbẹ̀ bí òṣómàáló.

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, Ilé-Ifẹ̀:

Kò sí ẹni tó tíì dáhùn èyí tó ń dùn yín jù. Ó bójú mu, bí ẹ kò bá fi ara yín pamọ́. Lọ́dún 1980, Michael Lipsky, onímọ̀ ìṣèlú ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé òṣìṣẹ́ tó dojú kọ ará ìlú, olùkọ́, ọlọ́pàá, nọ́ọ̀sì, ni ìpinnu rẹ̀ ojoojúmọ́ ń di ìlànà ìjọba gan-an, nítorí iṣẹ́ pọ̀, ohun èlò kò tó, ó sì gbọ́dọ̀ yan ohun tí yóò ṣe. Lọ́jọ́ tí ẹ ní kí obìnrin yẹn lọ ra oògùn níta, ẹ̀yin lẹ ṣe ìlànà ìlera fún un. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, kí ẹ má sì fi ara yín ṣe olódodo nínú rẹ̀.

Ẹ má fọ̀rọ̀ wá àwọn tó wà lábẹ́ yín lẹ́nu wò fúnra yín, nítorí ohun tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́ ni wọn yóò sọ. Ẹ má sì bi òṣìṣẹ́ pé, "Ṣé ẹ ń tẹ̀ lé ìlànà?" Bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn yóò wí. Ẹ ní kó ròyìn aláìsàn tó rí gbẹ̀yìn tí oògùn kò sí fún. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé káàdì ìṣúra oògùn kalẹ̀, ẹ gbé rẹ́jísítà àwọn olùforúkọsílẹ̀ tì í, kí ẹ ka déètì méjèèjì pọ̀. Ìwé máa ń sọ ohun tí ẹnu ń yẹ̀ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Iléṣà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ Bàbá rán mi létí ohun tí n kò kà sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ìwé kékeré kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mátírọ̀nù wa, tí kò sí ọ̀gá kankan tó ní ká ṣe é, níbi tí a ti ń kọ orúkọ àwọn aláboyún tí a dáwó ra oògùn fún nígbà tí tiwọn kò dé. Orúkọ aláboyún tèmi kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, n kò sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti kọ ojú ìwé kan àbọ̀ nípa rẹ̀ láti àná. Ilé ìwòsàn mẹ́ta ni mo fẹ́ lò báyìí, méjì nínú wọn kì í ṣe tiwa, bóyá àwọn náà ní irú ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò ní ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Bàbá, ṣé káàdì àbúrò yín ṣì wà? Mo lè wá sí Ìmẹ̀sí lọ́jọ́ Sátidé.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, Ìmẹ̀sí-Ilé:

Ó wà, ọmọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yíǹkì ara rẹ̀ ti ń ṣá. Ẹ jẹ́ kó di ọwọ́ ọ̀sán, nítorí ìpàdé ẹbí ni a ní láàárọ̀.