Àbọ̀ rèé: tẹ́ẹ̀sì tó ń yege lónìí, tó ń fìdí rẹmi lọ́la

Ẹ rántí tẹ́ẹ̀sì wa (kóòdù tó ń yẹ ètò kọ̀ǹpútà wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ) tí mo ní wọ́n ń yege láàárọ̀ tí wọ́n á tún fìdí rẹmi lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò fọwọ́ kan kóòdù? Ẹni tó ní kí n lọ wo dátà ló jàre o, àṣé méjì nínú wọn ń lo àkáǹtì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á ti pa á rẹ́ kí èkejì tó wọlé. Ní báyìí kálukú ń ṣí tiẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn tán. Sleep (kí tẹ́ẹ̀sì kàn dúró fún iye àkókò kan pàtó) tí a yọ tí a fi wait (kó dúró títí ohun tó ń retí á fi ṣẹlẹ̀) rọ́pò, díẹ̀ náà ló ràn wá lọ́wọ́. Rerun (kí tẹ́ẹ̀sì tó bá fìdí rẹmi tún ara rẹ̀ ṣe) témi fẹ́ràn, mo ti pa á tì, àṣìṣe ló kàn ń bò mọ́lẹ̀. Ó ku ẹyọ kan tó máa ń kọsẹ̀ lóru, aago sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín tí àwọn yòókù ń bá ṣiṣẹ́, ni mo fura sí. Ẹ ṣé gan-an.