Ọdún ejò ní Cocullo: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè nípa ìlú orí òkè tí wọ́n ti ń fi ejò wé ère ẹni mímọ́ lọ́rùn ti pọ̀. Cocullo ni, ní Abruzzo, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Ìlú náà ga tó nǹkan bí 900 mítà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò sì ju bí igba èèyàn lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò ló máa ń ya bo àwọn ọ̀nà tóóró rẹ̀. Láyé àtijọ́, Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù náà ni wọ́n ń ṣe é, ìyẹn ni ẹ fi máa ń rí ọjọ́ méjì nínú ìwé.

San Domenico ti Sora, ẹni mímọ́ tó ni ère náà, ni wọ́n ń ṣọdún fún. Wọ́n bí i ní Foligno ní 951, ó sì kú ní Sora ní 1031. Eyín rẹ̀ kan àti bàtà irin ìbaaka rẹ̀ ni wọ́n ní ó fi sílẹ̀ fún ará Cocullo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ké pè é lórí eyín ríro, ejò bíbunijẹ àti ajá dìgbòlugi.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ẹ̀wọ̀n agogo kan wà tí wọ́n ń fi eyín fà kí eyín má baà ro wọ́n. Ẹ fi eyín mú ẹ̀wọ̀n náà ṣinṣin, kẹ́ ẹ wá rọra fi orí sún sẹ́yìn títí agogo á fi dún. Ẹ má já a gbà lójijì, pàápàá tí eyín yín kan bá ti ń mì. Ẹ mú àpò kékeré dání pẹ̀lú: wọ́n máa ń bu iyẹ̀pẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ wọ́n sí oko àti àyíká ilé, kí kòkòrò àti ejò má baà yọ wọ́n lẹ́nu.

—

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ejò fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú.

Ejò tí kò lóró ni gbogbo wọn. Cervone ló gbajúmọ̀ jù: àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí igi gbígbẹ, ìlà dúdú mẹ́rin gùn láti ọrùn rẹ̀ lọ sí ìrù, ó sì lè gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ó tutù níwà, kì í sábà buni jẹ. Saettone tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Biacco ló le: ó yára bí àṣá, ó sì máa ń gé àwọn amú-ejò jẹ ṣáá. Biscia, tó fẹ́ràn etí omi, a máa tú ohun tó ń rùn burúkú sí ẹni tó bá mú un lára. Paramọ́lẹ̀ wà lórí àwọn òkè yẹn o, ṣùgbọ́n wọn kì í mú un wá sídìí ère.

Àwọn serpari, ìyẹn àwọn amú-ejò, máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí oṣù kẹta, nígbà tí ejò bá jáde lẹ́yìn òtútù. Òwúrọ̀ ló dára jù: ejò á ti jáde wá yáàrùn lórí òkúta, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò tíì móoru tó láti sáré. Inú àpò aṣọ tó ń gba atẹ́gùn ni wọ́n ń kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹni tó mú un gbọ́dọ̀ rántí ibi tó ti mú un gan-an, torí ibẹ̀ náà ló máa padà sí.

Nílé, ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn díẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, pẹ̀lú omi. Oúnjẹ ni ẹni tí kò mọ̀ máa ń fi ṣàṣìṣe. Ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé eku mì, tí wọ́n bá gbé e káàkiri, yóò pọ̀ ọ́, á sì rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ebi ọjọ́ mélòó kan ò ṣe é ní nǹkan kan.

Òfin dáàbò bo àwọn ejò yìí, torí náà ìyọ̀ǹda ìjọba ni wọ́n fi ń mú wọn. Ṣáájú ọdún, àwọn onímọ̀ nípa ejò máa ń wọ̀n wọ́n, wọ́n á yẹ ẹnu àti awọ wọn wò, wọ́n á sì fi microchip sí wọn lára kí wọ́n lè dá wọn mọ̀ lọ́dún mìíràn. Iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì lójú tèmi ju ìwọ́de lọ.

—

Lọ́jọ́ ọdún, lẹ́yìn Mísà, nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, wọ́n á gbé ère jáde. Ní gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn serpari ti ń to ejò sí i ní ọrùn àti èjìká. Àwọn àgbà máa ń wo ibi tí ejò bá gbà: tí ó bá bo ojú ère, wọn kì í kà á sí àmì rere. Ọmọbìnrin méjì tó wọ aṣọ ìbílẹ̀ máa ń ru apẹ̀rẹ̀ lórí, búrẹ́dì aládùn onírìísí òrùka márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ojú ọjọ́ ló ń ba nǹkan jẹ́. Tí òjò bá rọ̀ tí òtútù sì mú, ejò á le gbagidi, kò ní rìn. Tí oòrùn bá mú, wọ́n á máa yọ́ ṣubú, àwọn serpari á sì máa tẹ̀lé ère kí wọ́n lè gbé wọn padà.

Tí wọ́n bá gbé ejò fún yín, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ara rẹ̀, kí ó máa yọ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ẹ má fún un lọ́rùn. Ẹni tó bá fún un ni ó ń bù jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun.

—

Ti ọ̀nà: ojú irin Róòmù sí Pescara gba Cocullo kọjá, bẹ́ẹ̀ ni òpópónà A25. Ẹ tètè dé, torí ọ̀nà ìlú á kún fọ́fọ́. Bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ wọ̀.

—

Ẹ jẹ́ n fi ìgbà tí wọ́n ń dá wọn padà kún un. Wọn kì í jẹ́ kó pẹ́, torí oṣù karùn-ún ni ìgbà tí cervone ń gun ara wọn. Wọ́n á gbé àpò sẹ́bàá ògiri òkúta tí wọ́n ti mú un, wọ́n á tú ẹnu rẹ̀ síbi ihò, wọ́n á sì sún sẹ́yìn. Ahọ́n ló kọ́kọ́ ń yọ, lẹ́yìn náà ni orí, kó tó wá fà wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ìrù á fi wọ inú ògiri.