Bàbá mi ní ṣé èéfín ń sanwó ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Tákíè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwọn ìyá tó ń yan gaarí ń wá síbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, wọ́n ń wúkọ́, wọn ò lè mí dáadáa. Ó wù mí kí n kọ́ epidemiology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun tó ń fa àìsàn láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, kí n di olùwádìí yunifásítì lórí afẹ́fẹ́ búburú àti ìlera ará ìlú. Bàbá mi ò gbọ́ ọ sétí. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ìdí ààrò ni wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, mo mọ ohun tí ò ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ni ìlú òyìnbó ń wá báyìí o!

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn: Àbúrò, bàbá rẹ ò jayò pa, owó iṣẹ́ yìí kì í tètè yọ. Ìṣirò sì ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín. Ìyá kan ń wúkọ́: ṣé igi ló fà á, àbí ikọ́ ife, àbí sìgá ọkọ ẹ̀, àbí eruku ọyẹ́? Àfi kí o tẹ̀lé ọ̀pọ̀ èèyàn pẹ́ kí o tó lè ya àwọn okùnfà yìí sọ́tọ̀. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Harvard tẹ̀lé àgbàlagbà 8,111 ní ìlú mẹ́fà l'Amẹ́ríkà fún ọdún 14 sí 16. Ní 1993 ni èsì jáde: lẹ́yìn tí wọ́n yọ ti sìgá kúrò, ikú ní ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dọ̀tí jù fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìlú tó mọ́ jù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, já ààlà PM2.5 (eruku tó kéré débi pé ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ) ti ọdún kan wálẹ̀ láti máíkírógíráàmù 10 sí 5 nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ ní 2021.

Bọ̀dá Sábó: Gbogbo èyí dùn ún kà. Gáàsì ti wọ́n, ta ló máa torí ìwé pa iná igi?

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àwọn kan ti dán an wò n'Ìbàdàn: aboyún 324, wọ́n fún apá kan ní sítóòfù ethanol (ọtí tí wọ́n ń fi dáná), àwọn yòókù ń bá igi àti kẹrosíìnì lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ láàárín àwọn oní-ethanol tó ti àwọn tó kù. Ẹni tó máa san owó sítóòfù náà ni ọ̀rọ̀ kù sí, mi ò bá yín jiyàn níbẹ̀.

Ọmọ Tákíè: Ẹ ṣé gan-an, sà. Ìṣirò mi ò fi bẹ́ẹ̀ dá múṣémúṣé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn: Má tíì fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, òun ni yóò san owó ilé ìwé. Gba R, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ìwádìí, sórí kọ̀ǹpútà rẹ, ọ̀fẹ́ ni, máa fi kọ́ra díẹ̀díẹ̀. UI ní ẹ̀ka Epidemiology and Medical Statistics. Lọ wo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kí o tó ra fọ́ọ̀mù.