Kí lẹ bá nínú aṣọ nígbà tí ẹ ń tú u?

Ọmọ Ìyá Aránṣọ, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ra gáùn kan ní ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ wa, Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, ní 500 fáránǹkì, láàárín òkìrìkà tí wọ́n dà sílẹ̀ lórí tapólì. Gáùn náà kò wù mí. Bọ́tìnì iwájú rẹ̀ ni mo ń wò: mẹ́jọ, gbogbo wọn pé, irú èyí tí wọ́n fi ìkarahun ṣe. Ẹ fi kan ètè yín, ẹ ó mọ̀ ọ́n; ti ìkarahun máa ń tutù, ti ike kì í tutù. Obìnrin tó ń tà á ń wò mí bí mo ṣe ń fẹnu kan bọ́tìnì kiri, ó ní, "Tàńtí, ẹ ò ní jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó sanwó?"

Mo délé, mo mú abẹ, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ìgbà tí mo dé ìbàdí ni mo rí i pé ẹnì kan ti tú aṣọ yìí rí. Ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ tò síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó fi bí ìka kan jìn sí ibi tí òwú wà báyìí. Bóyá olúwarẹ̀ sanra sí i ni, bóyá ó lóyún. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni, búlúù ló fi tún un rán. Ó dájú pé òwú tó bá nílé nìyẹn. Èmi náà ti fi òwú tó wà nílé rán nǹkan tí kò níye. Mo gbé e fún ìyá mi, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán náà látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹni yìí kánjú. Ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀."

Ìyá mi kọ́ mi ní títú kí ó tó kọ́ mi ní rírán. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé owó sẹ́fà, fáránǹkì tí à ń ná lọ́dọ̀ wa, sí méjì. Fáránǹkì ilẹ̀ Faransé kan, tí í ṣe 50 sẹ́fà tẹ́lẹ̀, di 100 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọdé ni mí, n kò mọ nǹkan kan nípa owó. Ohun tí mo rí ni pé àwọn oníbàárà kò gbé wax, ìyẹn àǹkárá, wá mọ́. Hollandais, ìyẹn wax tó ń ti ilẹ̀ Họ́láńdì wá, ti kọjá agbára. Ẹni tó máa ń ra yáàdì 6 wá ń ra 2. Ẹlòmíràn gbé òkìrìkà wá, pé kí wọ́n bá òun fún un níbàdí. Ìyá mi bínú. Ó ní ọdún mẹ́rin lòun fi kọ́ṣẹ́, òun ṣe líbérásíọ́n, ayẹyẹ tí wọ́n fi ń dá ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n da pọ́dà sí òun lórí níwájú gbogbo ẹbí, òun kò ní wá jókòó máa tún aṣọ òkú òyìnbó ṣe. Kò ju oṣù méjì lọ, ó ti ń tún un ṣe.

Jákẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan ló yí i lọ́kàn padà. Wọ́n gbé e wá pé kí ó dín in kù, ó sì rí i pé òun kò mọ ibi tí òun yóò ti mú un. Ó ra òmíràn tó ti ya, ó tú u fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ó to gbogbo rẹ̀ sórí ẹní bí ẹni to eegun ẹja. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ègé méjì ni apá jákẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń tẹ̀ síwájú bí apá èèyàn. Bùbá wa kò rí bẹ́ẹ̀, ègé kan ni tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí aṣọ líle tí irun ẹṣin wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tẹ́ sáàárín aṣọ òde àti aṣọ inú kí àyà rẹ̀ má baà rọ̀. Ó gbé ègé kọ̀ọ̀kan lé ìwé àpò sìmẹ́ǹtì, ó fi ọṣẹ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán fa ìlà yí i ká, ó gé e. Àwọn ìwé yẹn ṣì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa títí dòní, aáyán ti jẹ apá òsì. Ẹni tó rán jákẹ́ẹ̀tì yẹn kò mọ̀ pé òun ní ọmọ iṣẹ́ kan ní Àjàṣẹ́.

(Màṣíìnì rẹ̀ náà, tí àwọn ọmọ ń pè ní ìyá àgbà: Singer dúdú, 15K. K yẹn dúró fún Kilbowie, ní Clydebank, ilẹ̀ Skọ́tílándì. Ọdún 1980 ni wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é pa. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa kò gbọ́.)

Kí n má gbàgbé kakí. Ẹni tó bá lọ iléèwé ìjọba lọ́dọ̀ wa mọ kakí. Ẹyọ kan ló gbé mi láti CE1 dé CM2, kíláàsì mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi fi ààyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó wá ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bí àtẹ́lẹwọ́. Bí iléèwé bá ti fẹ́ wọlé, yóò tú u, yóò sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni mo tú u pátápátá láti fi rán àpò. Ìlà mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, gbogbo ibi tí ìṣẹ́tí bò ṣì pọ́n bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra aṣọ náà. Ìlà kejì àti ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Ọdún tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ nìyẹn, n kò ga rárá. Mo ti gbàgbé àìsàn yẹn pátápátá, aṣọ ló rán mi létí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti bá nínú aṣọ rí?

Ìyá Ìbejì, Kétu

Ẹ kú ìrántí o, ọmọ mi. Ẹ bá mi kí ìyá yín.

Ní Kétu níbí, aṣọ obìnrin kì í sinmi. Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá fẹ́ jáde, ọkùnrin ni yóò jó, ṣùgbọ́n gèlè wa, ìró wa àti ọ̀já tí a fi pọnmọ ni wọn yóò dì mọ́ ọn lára. Yíyá ni wọ́n ń yá a. O kò lè sọ pé o kò yá wọn, nítorí àwọn ìyá ni wọ́n ń ti ìtorí wọn jó. Ọkọ mi wá yá ìró ìyá mi, wax tí wọ́n ń pè ní six bougies, ìyẹn ni pé ẹni tó ró o lówó ọkọ̀ tó ní púlọ́ọ̀gì mẹ́fà. (Ìyá mi kò ní kẹ̀kẹ́.) Wọ́n dá a padà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a, a dúpẹ́, a gbé e sínú àpótí. Lọ́dún 2001 UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó kéde ìró ìyá mi tó fà ya.

Torí pé ó fà ya! Ìyá mi ti kú kí n tó mọ̀. Mo fẹ́ fi ìró náà rán bùbá fún ọmọ-ọmọ mi, mo nà án sórí ẹní, mo rí ibi kan nísàlẹ̀ tó le gbagidi. Ẹnì kan ti pa ojú aṣọ pọ̀, ó sì fi òwú tí a fi ń rán ẹnu àpò àgbàdo rán an, ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ẹyin awó. Mo pe ọkọ mi. Ó wò ó, ó wo òkè, ó ní irin ẹsẹ̀ àwọn ló kọ́ ọ, òun sì fi òru rán an nínú abà kí ìyá ìyàwó òun má baà rí i. Ọdún méjìlélógún ni bàbá yìí fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú! Mo gé bùbá náà, ṣùgbọ́n n kò tú ibẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn bùbá ló bọ́ sí.

Aya Ilé, Àjàṣẹ́

Tèmi kò gùn. Ìyá ọkọ mi ní Hollandais kan tó fi ń dá gbogbo ìyàwó ilé lẹ́jọ́: "Ìgbà tí ọkọ mi ra èyí fún mi, ẹ̀yin ò tíì mọ wax." Ó ní kí n bá òun tú u kí n fi rán bùbá. Etí aṣọ tí wọ́n kọ̀wé sí, ẹni tó rán an ti ká a sínú ojú rírán. Mo tú u dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ wax mọ ohun tó yẹ kí n kà níbẹ̀: Véritable Wax Hollandais, ojúlówó wax Họ́láńdì. Kì í ṣe ohun tí mo kà nìyẹn.

Mo ká a padà, mo tún un rán mọ́ inú, mo rán an lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Onífírípù, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà lẹ ń ráyè wo ojú rírán. Àwa tí à ń tà kì í ráyè. Ọjà Mìsẹ̀bò ní Kútọnu ni mo ti ń gbé ọjà, béélì òkìrìkà tí wọ́n dì pa, o kò gbọdọ̀ tú u wò kí o tó sanwó. Béélì kan lè gbé ọ dìde, òmíràn a kún fún ẹ̀wù òtútù tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ̀ nínú oòrùn yìí. Apá púpọ̀ nínú ọjà náà ló ń kọjá lọ sí Nàìjíríà, níbi tí ìjọba wọn ti ní kò gbọdọ̀ wọlé.

Mo rí owó rí o. 50 fáránǹkì ilẹ̀ Faransé, bébà, nínú àpò inú ẹ̀wù kan. Mo sáré lọ sí báǹkì. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, yúrò ni wọ́n ń ná níbẹ̀ láti 2002, ìgbà tí ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ sì ti parí ní 2012." Ìyàwó mi ní kí n tún un gbé sínú ẹ̀wù náà kí n fi kún owó rẹ̀.

Ọmọ Iṣẹ́, Sábẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi kò tíì bá nǹkan kan nínú aṣọ, ihò ni mo máa ń dá sí i. Ọ̀gá mi ti lé mi kúrò nídìí abẹ. Ẹ jọ̀ọ́, Tàńtí, báwo lẹ ṣe ń tú u tí kì í fi í ya?

Ọmọ Ìyá Aránṣọ, Àjàṣẹ́

Àbúrò mi, má fa aṣọ méjèèjì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń já ẹ̀bà. Ojú kan ni kí o dojú kọ. Gé òwú kan, fo mẹ́ta, gé ọ̀kan, fo mẹ́ta, títí dé ìparí. Wá yí aṣọ padà, fa òwú tó wà lódìkejì, yóò jáde ní gígùn lẹ́ẹ̀kan náà. Má sì ṣe é lálẹ́. Bí òwú àti aṣọ bá jẹ́ àwọ̀ kan náà, lọ jókòó síta.

Ìyá Ìbejì, mo ka tiyín fún ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí ẹ bi bàbá yẹn bóyá ó so òwú náà ní kókó níparí, torí bí kò bá so ó, yóò tú.

Bọ́tìnì mẹ́jọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ní òun yóò fi mẹ́fà sí bùláúsì òun. Méjì tó kù ti wọnú agolo bisikíìtì rẹ̀ tó ti dípẹtà, níbi tí bọ́tìnì kakí mi náà wà.