Automation ń bá ọwọ́ mi jà, báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é gan-an?

OmoKubwa: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Kubwa níbí ni mo ti ń gba orin ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, Reaper, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀, ni mò ń lò. Mo máa ń fi ọwọ́ gbé fólúùmù síngà sókè sódò bí orin ṣe ń lọ, kọ̀ǹpútà á yà á sórí ìlà, á sì máa tún un ṣe fúnra ẹ̀ (ìyẹn ni automation), ó sì máa ń dùn gan-an, àfi tí n bá wá wo ìlà tó yà, àmì orí ẹ̀ á ti ṣù bí èèrà, mi ò ní mọ èyí tí n máa fà. Tí pásítọ̀ bá wá ní kí n fi díẹ̀ kún ohùn òun jálẹ̀ orin, màá gbé fader (ohun tí wọ́n ń fà fi yí fólúùmù) sókè, màá tẹ play, wéré ló ti padà síbi tó wà. Ta ló wá ni fader yẹn, èmi àbí kọ̀ǹpútà? Ká ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ sọ́fítíwíà yìí, báwo lẹ ṣe máa ṣe é?

LugbeSound: Ẹ̀gbọ́n, oríṣi ọ̀nà ni automation ń gbà ṣiṣẹ́, ẹ fi tíráàkì yẹn sí èyí tó ń jẹ́ Trim/Read, fader á kàn máa fi kún ìlà yẹn tàbí kó yọ nínú ẹ̀, kò ní bá a jà mọ́. Tó bá jẹ́ Touch, tẹ́ ẹ bá ti fi ọwọ́ sílẹ̀ á padà sórí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Latch á dúró síbi tẹ́ ẹ fi í sí títí ẹ ó fi dá orin dúró. Ẹ sá fún Write jọ̀ọ́, gbogbo ibi tó bá gbà kọjá ló ń kọ nǹkan lé, ẹ ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Tèmi ni pé Trim yẹn ló yẹ kí gbogbo sọ́fítíwíà kọ́kọ́ gbé fún èèyàn, kì í ṣe ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri.

ZariaCoder: Ti àmì tó ṣù yẹn, sọ́fítíwíà ló yẹ kó tún un ṣe tá a bá gbà á tán, kó yọ èyí tí ò wúlò, kó jọ̀lọ̀. Nọ́bù ara kọntíróólà tọ́kùnbọ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, MIDI 1983 (èdè tí ẹ̀rọ orin fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) ṣì ni, ìpele 128 péré, 0 dé 127, ìyẹn ló fà á tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ kirr-kirr tẹ́ ẹ bá rọra ń yí filter (ohun tó ń gé apá kan ohùn kúrò). MIDI 2.0 ti 2020 ti gbé e dé 32-bit, ìpele tó pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì, àmọ́ ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n ò tíì pọ̀.

GanganKaduna: Jọ̀lọ̀ kẹ̀? Lórí fólúùmù, ó dáa. Èmi pitch bend (ohun tó ń yọ́ ohùn lọ sókè tàbí sísàlẹ̀) ni mo fi ń mú kí gángan inú kọ̀ǹpútà fọhùn, bó ṣe ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà, tẹ́ ẹ bá na ìlà ẹ̀ gbọọrọ, ìsọkúsọ ló máa máa sọ, ọmọ Àyàn kan á gbọ́ ọ á bú yín. Pitch bend sì ti ní ìpele 16,384 tẹ́lẹ̀, kirr-kirr wo ló fẹ́ ṣe? Kí wọ́n jẹ́ ká yan bó ṣe máa jọ̀lọ̀ tó lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ìlà àtijọ́ sì máa hàn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lábẹ́ tuntun títí a ó fi gbà pé ó tẹ́ wa lọ́rùn.

OmoKubwa: Trim/Read ti ṣiṣẹ́ o, ẹ ṣé! FL Studio, sọ́fítíwíà orin míì, ni àbúrò tá a jọ ń ṣe é ń lò, òun ńkọ́?

LugbeSound: Kó ṣí channel settings automation clip yẹn (ohun tí ìlà yẹn wà nínú ẹ̀ ní FL), kó gbé min àti max sókè, gbogbo ìlà á jọ tẹ̀ lé e, kò ní fọwọ́ kan àmì kankan.